Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ètè: Ohun Tó Lè Ṣe fún Wa àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ẹni tó bá dúró ní oríta Ọ̀rẹ̀, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó, yóò rí i pé ibẹ̀ kì í sùn. Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà tó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa sì gé e ní ìbú. Àwọn ilé epo, ilé ìfowópamọ́, ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ti ń gbé kámẹ́rà kọ́ sókè láti máa ṣọ́ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Púpọ̀ nínú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ló ń gba àwòrán sílẹ̀ láìgba ohùn. A ó rí ẹni méjì tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, a ó rí i bí ètè wọn ṣe ń ṣí tó sì ń padé, ṣùgbọ́n a kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Títí di àìpẹ́ yìí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Ní báyìí, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ṣe ẹ̀rọ tó ń wo ètè nínú fídíò tí kò lóhùn, tí yóò sì kọ ọ̀rọ̀ tó rò pé ètè náà sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn mìíràn sì ti gbà pé kò sí àṣírí tó tún lè pamọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀. Ká ní àwọn oníṣòwò méjì ṣe gbólóhùn asọ̀ níwájú ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí, tí a sì bá òkú ọ̀kan nínú wọn ní ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá gbé fóònù rẹ̀ jáde. Ó ní òun rí fídíò èkejì níbi tó ti ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, pé kọ̀ǹpútà ti ka ètè rẹ̀ fún òun, ohun tó sì sọ ni pé: "Mo pa á." Kí ni ó yẹ kí baálẹ̀ ṣe? Kí ni ó yẹ kí alága ẹgbẹ́ ọlọ́jà sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí? Ìbéèrè yìí ni àlàyé tó wà nísàlẹ̀ fẹ́ dáhùn, nítorí ẹ̀mí àti orúkọ rere ènìyàn lè wà lórí ìdáhùn rẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Kíka ètè kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn baba wa ló sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá wà ní gáréèjì tí àwọn agbèrò ń pariwo Èkó, Benin àti Àkúrẹ́, ẹnu ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ ni a máa ń tẹjú mọ́ kí a tó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ adití ló ń fi ojú gba apá kan nínú ọ̀rọ̀ tí etí kò lè gbà fún wọn.

Ní 1976, àwọn onímọ̀ méjì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry McGurk àti John MacDonald, fi hàn pé gbogbo wa ni ojú ń bá gbọ́ràn. Wọ́n fi ohùn tó ń pe "ba" sí abẹ́ àwòrán ẹnu tó ń pe "ga". Ọ̀pọ̀ ẹni tó wò ó ló ní "da" ni àwọn gbọ́. Etí gbọ́ ohun kan, ojú rí òmíràn, ọpọlọ sì dá ẹ̀kẹta sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà níbẹ̀: ètè ń ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó sì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Kò tán síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé báyìí ni ètè kan wí, ohun tó sọ náà ni ojú wa yóò máa rí lórí ètè náà.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Fídíò kì í ṣe ju ọ̀wọ́ fọ́tò tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn lọ. Nínú fídíò tó dára, fọ́tò bíi 25 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tó ń ka ètè yóò kọ́kọ́ wá ojú ènìyàn nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, yóò gé ibi tí ẹnu wà sọ́tọ̀, yóò sì máa wo bí ètè, eyín àti ìwọ̀nba ahọ́n tó hàn ṣe ń yí padà láti fọ́tò kan sí èkejì.

A kì í kọ́ ẹ̀rọ náà ní òfin pé báyìí ni ètè ṣe ń rí bí a bá pe "b" tàbí "f". Àpẹẹrẹ ni a fi ń kọ́ ọ. A ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò tí a ti kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀ fún un, yóò máa méfò, a ó máa fi ibi tó ti ṣìnà hàn án, yóò sì máa tún ara rẹ̀ ṣe títí tí àṣìṣe rẹ̀ yóò fi dín kù. Èyí jẹ́ ara ohun tí a ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá.

Ohun kejì tí ẹ̀rọ náà ń lò ni mímọ ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé òmíràn. Bí a bá gbọ́ "Ẹ kú", kí ẹni náà tó parí rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé "àárọ̀", "ilé" tàbí "iṣẹ́" lè tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ń dí àlàfo tí ojú kò rí. Agbára rẹ̀ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà. Nítorí pé ó ń fi ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ dí àlàfo, ó lè kọ gbólóhùn tó dùn-ún kà, tí gírámà rẹ̀ sì pé, tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí.

Iye tó ń gbà àti iye tó ń ṣì

Ní 2016, Yannis Assael àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní LipNet. Wọ́n ròyìn pé nínú ọ̀rọ̀ 100, ó gba 95.2. Ìròyìn náà tàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ irú ìdánwò tó yege nínú rẹ̀. Ènìyàn 34 ni wọ́n ya fídíò wọn, wọ́n jókòó kọjú sí kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ sì mọ́ dáadáa. Gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́fà ni gbogbo wọn ń kà, ètò kan náà ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ̀lé: àṣẹ, àwọ̀, ọ̀rọ̀ atọ́ka ibi, lẹ́tà, nọ́ńbà, àti ọ̀rọ̀ ìparí kan. Àpapọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà nílò láti mọ̀ kò ju 51 lọ. Bí ẹni tó mọ̀ pé àwọ̀ mẹ́rin péré ló lè jẹ́ ìdáhùn bá méfò, kò yani lẹ́nu pé ó sábà máa ń bọ́ sí i.

Láàárín ọdún náà sí 2017, Joon Son Chung àti àwọn mìíràn, pẹ̀lú Andrew Zisserman ní Oxford, dán iṣẹ́ tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ wò. Wọ́n lo gbólóhùn tó lé ní 100,000 láti inú ètò tẹlifíṣọ̀n BBC, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sọ ohun tó wù wọ́n. Ẹni tó fi kíka ètè ṣe iṣẹ́ ṣe kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹ̀rọ gba nǹkan bí ìdajì. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ Meta gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní AV-HuBERT. Àṣìṣe rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí ọ̀rọ̀ 27 nínú 100, lórí fídíò àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí pèpéle.

Ìtẹ̀síwájú gidi ni, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ yìí tí wọ́n sì fi dán an wò, iná ńlá ń tàn sí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó ju ọ̀rọ̀ kan lọ nínú mẹ́rin tó ń ṣì. Kámẹ́rà tí a gbé kọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kì í rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Orí àti fìlà ló sábà máa ń rí. Àwọn kan kì í yà ju fọ́tò 10 sí 15 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ibi ìpamọ́ wọn má baà tètè kún. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá lè pe sílébù márùn-ún láàárín àkókò náà, tó túmọ̀ sí pé fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta péré ló kan sílébù kọ̀ọ̀kan. Ètè lè padé kó sì tún ṣí kí kámẹ́rà tó ṣẹ́jú. Ẹ fi irùngbọ̀n, òkùnkùn, ìbòjú, igi ìfọyín tàbí ẹni tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kún un.

Ohun tí ètè ń fi pamọ́ nínú èdè Yorùbá

Nínú èdè èyíkéyìí, ìró kan wà tó jọ ara wọn lórí ètè. Ti Yorùbá tún ní ìṣòro tirẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè fi dígí yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo kọ́nsónáǹtì b, m, p àti gb. Nígbà tí a bá ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ètè méjèèjì a máa padé. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú imú, nínú ọ̀fun àti ní ẹ̀yìn ahọ́n, níbi tí kámẹ́rà kò lè dé. "Ó bú mi" àti "Ó mú mi" rí bákan náà lójú ẹni tí kò gbọ́ ohùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo t, d, n, l àti r. Ahọ́n ló ń ṣe iṣẹ́ wọn lẹ́yìn eyín. Nínú fídíò tí kò mọ́, "Ó tà á", "Ó rà á", "Ó dà á" àti "Ó nà á" lè má yàtọ̀ rárá. Oníṣòwò kòkó tàbí oníṣòwò pákó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó rà àti ẹni tó tà. Ìró k àti g tilẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú ọ̀nà ọ̀fun lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wá. Fún ìdí yìí, ó ṣòro láti fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín "Ó lọ" àti "Kò lọ". Ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lè rí bákan náà lórí ètè. Fáwẹ́lì àránmúpè náà ń fara pamọ́: "Ó kú" àti "Ó kún" jọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú, èkejì sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ agbada epo.

Èyí tó ga jù ni ohùn. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í ti ètè wá. Inú gògóńgò ni a ti ń gbé wọn jáde. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Benin, àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, ètè kan náà ló ń pe gbogbo wọn. Igbá, ìgbà àti igba kò yàtọ̀ lójú kámẹ́rà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí àpẹẹrẹ tí a fi bẹ̀rẹ̀. "Mo pa á" ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ẹ̀rọ kọ. Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ sọ ọ́ láìgbé ohùn jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ "Mo bá a". Ẹ sọ "Mo gbà á". Ẹ sọ "Mo gbá a". Ètè yóò padé lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì ṣí lẹ́ẹ̀mejì, nínú gbogbo wọn. Ẹni tó ní òun bá ọ̀rẹ́ òun lójú ọ̀nà, ẹni tó ní òun gba owó òun, àti ẹni tó jẹ́wọ́ ìpànìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yóò sì mú ọ̀kan nínú wọn, nítorí a ṣe é láti mú ọ̀kan.

Ìlù gángan lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa sí i. Gángan kò ní ètè, ohùn nìkan ló ní, síbẹ̀ ẹni tó mọ oríkì yóò gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹni tí kò mọ oríkì náà yóò kàn máa jó ni. Fídíò tí kò lóhùn jẹ́ òdìkejì rẹ̀: ó ní ètè, kò ní ohùn. Àwọn méjèèjì pín ọ̀rọ̀ sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ìlàjì dání, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìlàjì yòókù gbọ́dọ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà láti ibòmíràn.

Àwọn ará Ṣáínà, tí èdè tiwọn náà jẹ́ olóhùn, ti bá ìṣòro yìí pàdé. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan níbẹ̀ gbé ẹ̀rọ jáde tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìpele mẹ́ta: yóò kọ́kọ́ méfò ìró láti ara ètè, yóò tún méfò ohùn, kó tó wá méfò ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ tó sún mọ́ ọn jù ni ti dídá àmì ohùn padà sórí Yorùbá tí a kọ láìfi àmì sí. Iroro Orife gbé iṣẹ́ kan jáde lórí rẹ̀ ní 2018. Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i ní Ìbàdàn, pẹ̀lú Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ Yorùbá tàbí bí yóò ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá tí kò ní àmì lórí fóònù, tó sì ní láti kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e, ti mọ ìdajì ìṣòro náà. Lórí ètè, kì í ṣe àmì nìkan ló sọnù. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti bá a lọ.

Ọ̀rẹ̀ tún jẹ́ ìlú tí onírúurú èdè ti pàdé. Ìkálẹ̀, Oǹdó, Igbó, Haúsá, Ẹ̀dó àti Pijin ni a ń gbọ́ nínú ọjà kan ṣoṣo. Kí ẹ̀rọ tó ka ètè ẹnìkan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èdè tí ẹni náà ń sọ. Ẹ̀rọ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ kò ní sọ pé èdè yìí kò yé òun. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò rí lórí ètè tó ń sọ Ìkálẹ̀.

Àwọn fíìmù àtijọ́ tí kò lóhùn

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀daràn nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ibi kan wà tí kíka ètè ti ṣe ohun ribiribi, ìyẹn ni inú ìtàn. Ní 2018, Peter Jackson gbé fíìmù kan jáde láti inú àwòrán Ogun Àgbáyé Kìíní tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àwòrán náà kò lóhùn. Ó lo àwọn ènìyàn tó mọ ètè kà láti mọ ohun tí àwọn ọmọ ogun náà ń sọ, lẹ́yìn náà ni àwọn òṣèré wá sọ ọ̀rọ̀ náà sí i.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà nípa ilẹ̀ tiwa náà. Ní 1930, àlùfáà Francis Aupiais àti ayàwòrán Frédéric Gadmer ya ọ̀pọ̀ fíìmù ní Dahomey, tí í ṣe Orílẹ̀-èdè Benin òde òní, fún àkójọ Albert Kahn ní Ilẹ̀ Faransé. Àwọn fíìmù náà kò lóhùn. Ẹnu ń ṣí, ènìyàn ń sọ̀rọ̀, a kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní August 1967, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Biafra lábẹ́ Victor Banjo wọ Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 9 oṣù náà, wọ́n sún mọ́ ìhà ọ̀dọ̀ wa títí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pa òwe pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ fíìmù ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń yà láìgba ohùn sílẹ̀. Bí a bá rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ̀rọ lè ràn wá lọ́wọ́ láti méfò, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà náà ló lè sọ fún wa bóyá ìméfò náà bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Àwọn àgbà tó rí ogun náà ń dín kù lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn fi fóònù gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ojú hàn, kí ohùn sì já gaara. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀, bí a bá fi àmì ohùn kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, ni a ó fi kọ́ ẹ̀rọ tí yóò gbọ́ Yorùbá lọ́la.

Àǹfààní fún aláìlóhùn àti adití

Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti lè mú ìrọ̀rùn wá jù ni ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ kí a ka ètè òun. Ilé-iṣẹ́ Liopa ní Belfast ṣe ètò orí fóònù kan, SRAVI, fún àwọn aláìsàn tí wọ́n ti lu ọ̀nà sí ọ̀fun wọn kí wọ́n lè mí, tí ohùn wọn kò sì jáde mọ́. Aláìsàn yóò kọjú sí fóònù, yóò fi ètè sọ ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn tí a ti là sílẹ̀, bíi pé ara ń ro òun tàbí pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ẹ̀rọ yóò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé gbólóhùn náà kò pọ̀, ojú sún mọ́ kámẹ́rà, ẹni náà sì lè mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́ bí ẹ̀rọ bá ṣì í gbọ́.

Ní ti àwọn adití, kò tọ̀nà kí a rò pé gbogbo wọn ló lè ka ètè, tàbí pé bí a bá ti lanu gbàgà, ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ adití fúnra rẹ̀, dá ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn adití sílẹ̀ ní Ghana ní 1957 àti ní Ìbàdàn ní 1960. Láti ìgbà náà, èdè tí a ń fi ọwọ́ sọ ni ọ̀pọ̀ adití ní Nàìjíríà fi ń kàwé tí wọ́n sì fi ń gbé ìgbé ayé wọn. Bí adití bá wá sí ọ́fíìsì ìjọba tàbí ilé ìwòsàn, kí a kọjú sí i, kí a má ṣe fi ọwọ́ bo ẹnu, kí a rọra sọ̀rọ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bí kò bá yé e, kí a sì wá ògbufọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo. Ẹ̀rọ lè kún ìwọ̀nyí. Kò lè rọ́pò wọn.

Ohun tí òfin wí àti ohun tó yẹ kí a ṣe

Ayé ti rí ohun tí ìkàkúkà ètè lè fà. Ní ọjọ́ 9 July 2006, nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Berlin, Zinedine Zidane fi orí kan Marco Materazzi láyà. Àwọn ìwé ìròyìn sáré pe àwọn tó ń ka ètè. Ohun tí wọ́n ní Materazzi sọ kò dọ́gba. Nígbà tó yá, àwọn ìwé ìròyìn kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì sanwó fún ìbanilórúkọjẹ́. Gbogbo ayé ló ń wo ìdíje náà, kámẹ́rà tó dára jù lọ ló yà á, síbẹ̀ wọ́n ṣì í kà.

Ní orílẹ̀-èdè wa, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ti la ohun tó gbọ́dọ̀ pé sílẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó gba ohun tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà wọlé: pé a ń lo ẹ̀rọ náà déédéé, pé ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àti pé ẹni tó wà nídìí rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Kódà bí a bá gbà á wọlé, adájọ́ ló máa sọ bó ṣe wúwo tó. Abala 37 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀ àti ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 sì sọ pé ẹni tó bá ń kó ìsọfúnni nípa ènìyàn jọ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó tọ́, kó sì ṣọ́ ọ dáadáa.

Nítorí náà, ohun tí a rọ ará ìlú láti ṣe nìwọ̀nyí. Bí fídíò bá wà lórí ọ̀ràn kan, ẹ pa ojúlówó rẹ̀ mọ́ sínú ẹ̀rọ tó yà á. Èyí tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti pàdánù púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí a ti yà á sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún ọlọ́pàá; ẹ má ṣe gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀rọ ti ka ètè inú rẹ̀, ẹ bi í pé èdè wo ni a fi kọ́ ẹ̀rọ náà, àti pé àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wo ni ètè náà tún lè jẹ́. Bí a bá fẹ́ kí ènìyàn kà á, kí ó ju ẹnìkan lọ, kí èkíní má sì mọ ohun tí èkejì sọ. Kí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé kámẹ́rà wà, kó má sì kọjú rẹ̀ sí yàrá aládùúgbò.

Ní ti baálẹ̀ àti alága inú àpẹẹrẹ wa, kí wọ́n sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ohun tí ọwọ́ wọn tẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́, ìméfò ni. Ó lè jẹ́ ìdí láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Kò lè jẹ́ ìdí láti na ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè parí ẹjọ́. Kí wọ́n pe ọlọ́pàá, kí wọ́n sì dáàbò bo ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ọlọ́pàá yóò fi dé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni àwọn baba wa pè é. Ẹni tó wo ètè láìgbọ́ ohùn kò tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan pàápàá.